Gọ̀mbọ́ àti Abàjà, Igi Gọ́ọ̀fù Mi Méjì

Àtìní, 7 Fẹ́búárì 2000

Ọ̀rọ̀ ti já síta. Mánéjà pe gbogbo àwa kádì jọ sábẹ́ igi fúrúùtù láàárọ̀ yìí, ó ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ni pápá gọ́ọ̀fù wa ti tà á. Ní ìparí oṣù Kẹta, kálukú á gba ilé ẹ̀ lọ. Ẹni tó rà á fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń gbé àpò igi gọ́ọ̀fù tẹ̀lé àwọn ọ̀gá kiri orí pápá yìí, nínú òjò, nínú ọyẹ́. Mánéjà ń sọ̀rọ̀, bàtà ẹ̀ ni mò ń wò.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù — ìdánwò àwọn pró. Kádì tó bá yege níbẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àpò gbígbé. Ó di pró nìyẹn: á máa kọ́ èèyàn ní gọ́ọ̀fù, á máa gbá ti ara rẹ̀. 22 àti 23 oṣù Kẹta ni, ní pápá ńlá kan ní Erékùṣù. Ihò méjìdínlógún lọ́jọ́ kìíní, méjìdínlógún lọ́jọ́ kejì. Iye ìgbà téèyàn fi gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe dára sí. Ẹni tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá ju 160 lọ, wọ́n á ní ó di ìgbà mìíràn. Lọ́dún tó kọjá mo gbá 164.

Mo ti pé ọmọ ogójì ọdún. N kò fẹ́ gbọ́ "ó di ìgbà mìíràn" mọ́.

Àtàláátà, 8 Fẹ́búárì

Mo mọ ibi tí mẹ́rin yẹn ti já bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà máa tan ara mi jẹ.

Búráùn la ní ní pápá tiwa. Yanrìn tí wọ́n da ọ́ìlì sí, tí wọ́n fi rólà tẹ̀ títí ó fi le gbagidi, àárín ẹ̀ ni ihò wà. Tí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ibẹ̀, irin nọ́ńbà méje la fi ń tì í, á máa yí lọ nílẹ̀ tààrà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn nà mí ní gbogbo Ìkẹjà, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n koríko tútù ló yí ihò ká l'Érékùṣù, ó ga ńwájú, ó tẹ̀ lẹ́yìn, kòtò yanrìn ń ṣọ́ ọ lọ́tùn-ún lósì. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gòkè, kó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kó dúró. Tèmi ń sáré kọjá ni. Láti ọ̀nà jíjìn, mo dára. Tó bá ku ogójì ìṣísẹ̀ sí ihò, mo di ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Wẹ́jì ni mo nílò. Irin tí ojú ẹ̀ dà sẹ́yìn, tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè. Kò sí ọ̀kan nínú igi méje tí mo ní. Àlòkù àwọn ọ̀gá ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀gá tí í fi wẹ́jì tọrẹ.

Jímọ̀, 11 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Sùlíyá, ìyàwó mi, nígbà tó dé láti ilé-iṣẹ́ bísíkíìtì. Ó ní àwọn ọkọ ẹlẹgbẹ́ òun ń fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó, tòun ń fẹ́ irin kún irin. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá béèrè pé bí n kò bá yege ńkọ́? Mo ní màá yege. Ó ní ìyẹn kọ́ lòun béèrè.

Sátidé, 12 Fẹ́búárì

Mo gbé àpò fún Fáìlì lónìí. Ọ̀gá Olúṣẹ̀yẹ ni orúkọ wọn gan-an, ará Èkìtì, ọ̀gá ńlá l'Aláúsá. Fáìlì ni mò ń pè wọ́n nínú ìwé yìí torí ohun yòówù kéèyàn sọ fún wọn, wọ́n á ní ó ti wà nínú fáìlì. Èèyàn dáadáa ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ wẹ́jì. Wọ́n ní tuntun wọ́n ju ẹnu lọ, àwọn fúnra àwọn ń bẹ̀rù ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ wo Dópẹ̀mú, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń já ẹrù tòkunbọ̀ láti inú kọ̀ńténà, òun ló bá àwọn wá kẹ̀kẹ́ ọmọ àwọn.

Sọ́ńdè, 13 Fẹ́búárì

Dópẹ̀mú. Ishaq lorúkọ ọkùnrin náà. Fìríìjì, kẹ̀kẹ́, àga onírọ́bà, bàtà tí kò lẹ́ni kejì. Nínú dúrọ́ọ̀mù kan lẹ́yìn ilé — igi gọ́ọ̀fù! Ó tó ọgọ́rùn-ún, wọ́n dorí kodò bí ìdì ìgbálẹ̀.

Ishaq kò mọ gọ́ọ̀fù. Bí irin bá ṣe ń dán sí ló fi ń dá owó lé e. Èyí tó ń kọ mànà, ó ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kò sì wúlò fún nǹkan kan. Èyí tó dípẹtà, ó ní kí n máa gbé e lọ ní ẹ̀dínwó. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan. Mo ń fi èékánná ha ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wẹ́jì ní ilà, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ilà yẹn ni í di bọ́ọ̀lù mú kó má yọ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá bọ́ sílẹ̀, ó máa dúró. Irin méjì ni èékánná mi ti kọ́ ilà tó ṣì jinlẹ̀. Wọ́n kọ 56, bí ojú ẹ̀ ṣe dà sẹ́yìn tó, sí ìdí ọ̀kan, wọ́n kọ 60 sí ìkejì. Ìpẹtà bo àwọn méjèèjì. Mo san ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀ náírà fún méjèèjì, mo sì yára kúrò níbẹ̀ kó tó ronú.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mo mọ ojú tó kọlà. 56 ni Gọ̀mbọ́. 60 ni Abàjà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ra búrẹ́dì tí wọ́n rán mi ní Agége.

Àtìní, 14 Fẹ́búárì

Mo tẹ́ táyà mọ́tò kan sórí koríko, mo ka ogún ìṣísẹ̀ sẹ́yìn. Aago mẹ́fà àárọ̀, kí àwọn ọ̀gá tó dé. Bọ́ọ̀lù ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá ló wọ inú táyà.

Àtàláátà, 15 Fẹ́búárì

Mẹ́sàn-án. Ẹ gbà mí.

Àlàmísì, 17 Fẹ́búárì

Lónìí ni mo rí i. Gọ̀mbọ́ bá bọ́ọ̀lù nídìí, ó rọra dún, ó gòkè, ó bọ́ sílẹ̀, ó fò díẹ̀ — ó dúró. Ó dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ. Mo wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan rí i. Kò sẹ́nì kankan. Mo pariwo. Mẹ́tàlélógún ló wọlé.

Àlàrùbá, 23 Fẹ́búárì

Méjìdínlógójì. Èjìká ọ̀tún ń dùn mí, Sùlíyá fi òróró ra á. Fáìlì tètè dé sí pápá, wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń wò mí. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n ní, "Nùréènì, ta ló kọ́ ẹ níyẹn?" Mo ní táyà ni.

Jímọ̀, 25 Fẹ́búárì

Ìpẹtà ojú àwọn irin yìí ń dà mí láàmú. Kádì tó mọṣẹ́, irin ọ̀gá ẹ̀ ni í dán. Ohun tí wọ́n fi ń yìn mí láti ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn — ẹ wo irin tí Nùréènì nù. Àwọn ọmọ olówó ń bọ̀ ní ìdánwò pẹ̀lú irin tuntun, èmi á wá yọ irin tó dà bíi ti alágbẹ̀dẹ inú oko? Ojú ń tì mí.

Gàníyù, tí a jọ ń gbé ní ojúlé kan ní Agége, ní ibi tí wọ́n ti ń dán ìkòkò ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ògbà. Kò sí irin tí kò lè sọ di dígí. Ó ní kí n mú ọ̀kan wá ná. Mo mú Gọ̀mbọ́ fún un. Èyí tó dára jù ló yẹ kó kọ́kọ́ wọṣọ tuntun.

Àtìní, 28 Fẹ́búárì

Gọ̀mbọ́ dé! Mo rí eyín mi nínú ẹ̀. Gbogbo ilé jáde wá wò ó, Moyọ̀ ọmọ mi fi dirun. Gàníyù kọ̀, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní nígbà tí mo bá di pró kí n kọ́ òun.

Àtàláátà, 29 Fẹ́búárì

Bọ́ọ̀lù kò dúró.

Mo rò pé èmi ni. Mo yí ẹsẹ̀ padà. Mo yí ọwọ́ padà. Ó ń yọ̀ lójú irin, ó ń gòkè láìnídìí, ó ń balẹ̀, ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Bọ́ọ̀lù ọgọ́ta. Méjì wọlé. Ìgbà náà ni mo tó rántí fi èékánná ha ojú ẹ̀. Èékánná mi kò kọ́ nǹkan kan. Ó ń yọ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà téèyàn fọwọ́ pa ìdí abọ́.

Gàníyù ti fi òkúta ìlọrin lọ̀ ọ́ kó tó dán an. Ó lọ ilà ojú ẹ̀ kúrò. Ó tún lọ ìdí ẹ̀ tó nípọn, tó yẹ kó máa gbé e kọjá nínú yanrìn. Ohun tó ń ṣe fún ìkòkò ló ṣe fún Gọ̀mbọ́.

N kò lè bú Gàníyù. Èmi ni mo gbé e fún un. Ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi wò ó nígbà tó dé, tí mo ń rẹ́rìn-ín? Mo wo dídán, n kò wo ilà. Èmi tí mo ń fi Ishaq ṣe yẹ̀yẹ́! Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló kù. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Àlàrùbá, 1 Máàṣì

N kò lọ sí pápá.

Àlàmísì, 2 Máàṣì

Gàníyù gbọ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ó ní ayùn irin wà níbi iṣẹ́ àwọn, òun á gé ilà tuntun sí i, kò ní gba òun ní ọ̀sán kan. Mo ní òfin kò gbà á. Ilà tí ilé-iṣẹ́ ṣe nìkan ló bófin mu. Bí èèyàn bá fi ayùn kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ojoro ni. Ó wò mí, ó ní ta ni yóò mọ̀? Mo ní ẹni tó di igi mú.

Mo padà sí Dópẹ̀mú. Dúrọ́ọ̀mù ti ṣófo. Ishaq ní ẹnìkan kó gbogbo wọn láti fi ṣe ọ̀pá aṣọ fèrèsé.

Sátidé, 4 Máàṣì

Ó dáa. Abàjà nìkan ló kù. Ìpẹtà ẹ̀ wà lójú ẹ̀, ilà ẹ̀ wà lójú ẹ̀. N kò ní fi omi kan án. Ohun tí méjì ì bá ṣe, ọ̀kan á kọ́ ọ. Ogún ìṣísẹ̀, ọgbọ̀n, ogójì, yanrìn, koríko gíga. Mo ti gbé táyà sí ibi márùn-ún. Èèyàn tí kò ní ọmọ méjì, ọ̀kan náà ló ń rán níṣẹ́.

Àtàláátà, 7 Máàṣì

Mọ́kànlélógójì. Awọ bó ní àtàǹpàkò.

Àtàláátà, 14 Máàṣì

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Láti inú yanrìn, mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Mo ń sọ ọ́ fún ìwé yìí nìkan: mo lè ṣe é.

Àlàmísì, 16 Máàṣì

Iléyá. A kírun, a pa àgbò tí èmi àti Gàníyù dá owó rà, mo jẹ ẹ̀dọ̀, mo gbé Abàjà. Sùlíyá ní ọjọ́ ọdún náà? Mo ní ọjọ́ ọdún náà. Ó bú mi, ó wá wọ bàtà tẹ̀ lé mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé pápá nìyẹn láti ọdún tí a ti fẹ́ra. Ó jókòó sórí táyà kan tí mi ò lò, ó ń kà á. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó ní bọ́ọ̀lù yìí ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu ju Moyọ̀ lọ, Bàbá Moyọ̀.

Àtàláátà, 21 Máàṣì

Lọ́la. Fáìlì fún mi ní bọ́ọ̀lù tuntun mẹ́fà. Wọn kò dárúkọ fáìlì kankan.

Àlàrùbá, 22 Máàṣì

79! Àlùhámúdùlílááì. Ihò márùn-ún ni Abàjà ti yọ mí. Ní ìkeje, mo gbá a kọjá lórí kòtò yanrìn, ó bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ sí ihò. Ọmọkùnrin tí wọ́n so pọ̀ mọ́ mi, tí a jọ ń gbá, tó sì ń kọ káàdì mi, ní "Ẹ̀ẹ̀, Bọ̀dá!" Ṣínà lorúkọ ẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì, bíi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Igi mẹ́rìnlá, gbogbo ẹ̀ ń dán, kádì ń gbé e fún un. Kò gbéraga. Èmi gbé tèmi lẹ́yìn, kò wúwo.

Bí mo bá gbá 81 lọ́la, mo ti di pró.

Àlàmísì, 23 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Kádì Ṣínà kò wá lónìí, ibà mú un. Ṣínà gbé àpò ara ẹ̀, kò mọ ọ́n gbé, ó ń já lu ìtan ẹ̀. A gbá dáadáa, èmi pàápàá. Títí dé ihò kẹrìnlá, n kò ṣe àṣìṣe tó burú.

Ihò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó kan Ṣínà láti gbá. Ó yọ irin nọ́ńbà méje, ó dá a padà. Ó yọ mẹ́fà, tó ń lọ jìnnà díẹ̀ ju méje lọ, ó dá a padà. Ó tún fa méje yọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ní ibi tí kádì í dúró sí, ẹnu mi kàn là. Mo ní, "Ọ̀gá, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lókè níbẹ̀ yẹn. Mẹ́fà ni, ẹ má bá a jà."

Ó mú mẹ́fà. Bọ́ọ̀lù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ẹ ṣeun ọ̀gá. Mo ti rin bíi ìṣísẹ̀ mẹ́ta kí n tó rántí òfin. Nínú ìdíje, èèyàn kò gbọdọ̀ sọ irin tí ẹni tí wọ́n jọ ń díje máa lò fún un. Ẹni tó sọ ọ́, wọ́n á fi méjì kún iye tirẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sọ gbólóhùn yẹn, òun ni oúnjẹ mi, òun ni ọ̀gá ń san owó fún. Ó jáde fúnra ẹ̀.

Mo gbá lọ. Mo gbá a lọ pẹ̀lú ìbínú, mo sì gbá a dáadáa. Mo dé ihò kejìdínlógún, bọ́ọ̀lù mi kejì wọ kòtò yanrìn. Mo ṣírò ó níbẹ̀. Bí mo bá fi mẹ́rin parí, 80 ló máa wà lórí káàdì. Àná 79, àròpọ̀ 159, gbogbo ayé á ní mo yege. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé 161 ni. Àfi kí bọ́ọ̀lù inú yanrìn yìí wọ ihò tààrà.

Mo wọ inú kòtò. Mo ṣí ojú Abàjà sókè. N kò tíì gbá bọ́ọ̀lù tó dára tó ìyẹn rí láyé mi, n kò sì mọ̀ bóyá màá tún gbá irú ẹ̀. Ó gòkè pẹ̀lú yanrìn díẹ̀, ó balẹ̀, ó yí lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kan ẹnu ihò, ó yí i ká — ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo ti bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ń ní kú oríire.

Nídìí tábìlì tí a ti ń dá káàdì padà, Ṣínà na káàdì mi sí mi kí n fọwọ́ sí i. 80. Mo sọ ti ihò kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó bojú wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Bọ̀dá, ta ló gbọ́ ọ? Èmi nìkan. Èmi ò sì gbọ́ nǹkan kan." Ó ń bẹ̀ mí ni. Mo di bírò mú. Mo ro Sùlíyá. Mo ro àwọn ẹlẹ́rù tó ń bọ̀ wá gbẹ́ pápá. Mo kọ méjì kún un, mo fọwọ́ sí i. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ṣe. Mo ní mo mọ̀.

161.

Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sunkún, mo bọ́jú, mo wọ mọ́tò Agége.

Jímọ̀, 24 Máàṣì

Mo ròyìn fún Sùlíyá. Ó gbọ́ ọ tán, ó kó abọ́ kúrò nílẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé ẹ ò lè panu mọ́ ni?" N kò mọ èwo ló ń wí, ti ihò kẹẹ̀ẹ́dógún ni àbí ti ìdí tábìlì. N kò béèrè.

Sátidé, 25 Máàṣì

Ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn àárọ̀. Ṣínà ni. Ó ti béèrè ilé mi lọ́wọ́ Fáìlì ní pápá wa. Òun yege, 157. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní òun ń fi báǹkì sílẹ̀, òun fẹ́ máa gbá gọ́ọ̀fù kiri, Abùjá, Pọ́tà, títí dé Ghana. Ó ní kí n wá gbé àpò fún òun. Ó ní ohun tí mo sọ ní ihò kẹẹ̀ẹ́dógún yẹn, kò sí kádì tó sọ irú ẹ̀ fún òun rí. Owó tó dárúkọ, oṣooṣù ni, ó ju ohun tí mò ń rí láàárín oṣù mẹ́ta lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni pápá wa máa tì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Sùlíyá wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo rí ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo wo ojú ọmọ náà, ó ń ṣe é tọkàntọkàn, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà rárá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ ọ̀gá. N kò gbé àpò mọ́."

Ó tún owó náà dá, ó fi kún un. Mo ní kì í ṣe ti owó. Bí mo bá tún gbé àpò kan báyìí, ẹnu mi ò ní kọ́ láti dákẹ́ láéláé, ogójì ọdún ni mo wà, ọwọ́ mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ó kí mi, ó lọ. Ojú tì mí nígbà tí ọkọ̀ ẹ̀ ń jáde, bí ẹni tó da oúnjẹ nù.

Sùlíyá jáde. Ó béèrè iye tó pè é kẹ́yìn. Mo sọ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó wá dìde.

Ó ní ìgbà wo ni ìdánwò mìíràn. Mo ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ní kí n tètè lọ forúkọ sílẹ̀ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí bínú. Mo ní ọ́fíìsì wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n lọ dúró dè wọ́n.

Mo ti wọ bàtà.